Ìgbé-Ayé Ọya, Obìnrin Ẹlẹ́fúùfù

Àwa tí a ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá kì í sábà dárúkọ Ọya láìkọ́kọ́ dárúkọ ọkọ rẹ̀. Aya Ṣàngó ni à ń pè é, àlàyé a sì parí síbẹ̀. Eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní ọdún 1963 wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ fún tọmọdé-tàgbà, ṣùgbọ́n ìtàn Ṣàngó ni eré náà ń sọ. Ọya ní ìtàn tirẹ̀.

Ẹnu kò kò lórí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan ní ọmọ Tápà ni, nítorí pé odò ńlá tó gba ilẹ̀ Tápà kọjá ni à ń pè ní Odò Ọya. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Ìrá, nítòsí Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ti Ìrá ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lójú tiwa, nítorí ibẹ̀ náà ni ìrìn àjò rẹ̀ parí sí.

Ọdẹ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ọdẹ yìí rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sílẹ̀ nínú igbó, tó di arẹwà obìnrin, tó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ó gbé awọ náà pamọ́ sínú àká, ó sì fi àṣírí náà mú un ní aya. Nígbà tí ọtí mú kí ọdẹ tú àṣírí fún ìyálé, tí ìyẹn sì fi bú u, Ọya gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó pa àwọn tó pẹ̀gàn rẹ̀. Ìwo méjì ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa lu ọ̀kan mọ́ èkejì bí wọ́n bá fẹ́ pè é. Mẹ́sàn-án ni ọmọ tó bí, òun ni a fi ń pè é ní Ìyánsàn-án.

Ní Ọ̀yọ́, Ṣàngó rán an lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá láti gba oògùn tí ń mú kí iná máa yọ lẹ́nu ẹni tó bá lò ó. Ìránṣẹ́ lásán ni ọba fi í ṣe. Lójú ọ̀nà, Ọya tú oògùn náà, ó tọ́ ọ wò. Kí ó tó wọlé, iná ti ń yọ lẹ́nu tirẹ̀ náà. Inú Ṣàngó kò dùn, nítorí òun nìkan ni ó fẹ́ kí ó ni agbára náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń lọ sógun, Ọya ni í ṣíwájú pẹ̀lú ẹ̀fúùfù tí ń ṣí òrùlé, tí ń fa igi tu, kí àrá tó sán. Ẹni tó bá ti rí bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń dé kò ní bá ìtàn yìí jiyàn.

Nígbà tí ará ìlú kẹ̀yìn sí Ṣàngó, tí ó fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ọya ni ayaba tó bá a jáde. Kò bá a dé òpin. Ó yà sí Ìrá, ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kòso, ibẹ̀ náà ni ó sì wọlẹ̀ sí. Àwọn kan ń fi yíyà yìí dá a lẹ́bi. Ta ni nínú àwọn ayaba yòókù ni ó rìn tó o?

Òwò ẹrú gbé orúkọ rẹ̀ sọdá òkun. Ní Kúbà, Ṣàngó ni wọ́n so mọ́ Santa Bárbara, Ọya sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ Candelaria, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 2 oṣù Kejì. Ní Salvador, ní Bàhíà ti ilẹ̀ Bùràsílì, Ọya fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Iansã, ni wọ́n so mọ́ Santa Bárbara. Àkàrà ni oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá bá sì pé, àwọn èrò a wọ aṣọ pupa jáde sójú pópó.