Ìtàn Ìgbésí Ayé Jeanne Villepreux-Power, Aránṣọ tí ó di Onímọ̀ Ẹ̀dá Òkun

Bí a bá wọ ilé àwọn tí ń sin ẹja òkun lóde òní, a ó rí àpótí gíláàsì tí ó kún fún omi iyọ̀, tí ẹja kéékèèké aláwọ̀ ọsàn, onílà funfun, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹja wọ̀nyí a máa yé ẹyin sára òkúta, akọ a sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí ó tó pa. Ẹni tí ó ni wọ́n lè jókòó sórí àga kí ó máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkú ẹ̀dá òkun tí a rì sínú ìgò ọtí líle ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ń yẹ̀ wò. Obìnrin tí ó la ọ̀nà mìíràn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1794 ni a bí Jeanne Villepreux ní Juillac, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé. Aṣebàtà ni bàbá rẹ̀, aránṣọ sì ni ìyá rẹ̀. Ìwé tí ó kọ́ kò tó nǹkan. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí ó ju 400 kìlómítà lọ sí Paris láti wá iṣẹ́. Ìbátan tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó lójú ọ̀nà ni ó tún hùwà ìkà sí i, títí ó fi sá tọ àwọn ọlọ́pàá lọ ní ìlú Orléans. Kí ó tó dé Paris, wọ́n ti fi iṣẹ́ tí ó bá lọ fún ẹlòmíràn. Kò torí èyí padà sílé. Ó di ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì dáńgájíá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, ní ọdún 1816, òun ni ó rán ẹ̀wù ìgbéyàwó ọmọ ọba Sicily tí ó fẹ́ Duke ti Berry, ọmọ àbúrò ọba Faransé. Láìpẹ́ sí àkókò náà ni ó pàdé James Power, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Messina, ní erékùṣù Sicily, ní ọdún 1818, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ.

Ìyàwó olówó ni Jeanne di, ṣùgbọ́n kò fi ìjókòó ṣe iṣẹ́. Ó rin erékùṣù náà káàkiri, ó ń kó ewéko, labalábá àti ìkarahun jọ, ó sì ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ẹ̀dá.

Ẹ̀dá kan wà nínú òkun ibẹ̀ tí ó ní apá mẹ́jọ, tí abo rẹ̀ ń gbé inú ìkarahun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi pépà. Argonauta ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Láti ayé Aristotle ni wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí: ṣé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìkarahun náà, àbí ó ń gba ti ẹlòmíràn bí irú akàn kan ti máa ń ṣe? Ìjiyàn náà kò lè parí, nítorí kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀dá náà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọdún 1832 ni Jeanne Power bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí. Ó ṣe àpótí gíláàsì tí a lè gbé kalẹ̀ nínú ilé. Ó ṣe òmíràn tí a fi àgò yí gíláàsì rẹ̀ ká, èyí tí a lè rì sínú omi tí kò jìn. Ó sì ṣe àgò ńlá tí a ń so mọ́ ìdákọ̀ró nínú òkun. Nínú nǹkan wọ̀nyí ni ó ń sin Argonauta, tí ó ń bọ́ wọn, tí ó sì ń ṣọ́ wọn. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kúrò lára ìkarahun, ó sì rí i pé ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ ni ó dí ihò náà. Méjì nínú àwọn apá rẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu bí aṣọ. Àwọn ará àtijọ́ rò pé ìgbòkun ni. Láti ara apá méjì yìí ni ohun tí ń di ìkarahun ti ń jáde. Bóyá aránṣọ ni ó tọ́ kí ó rí ẹ̀dá tí ń lẹ ẹ̀wù ara rẹ̀! Ó ṣọ́ ẹyin náà pẹ̀lú títí ó fi pa, ó sì rí i pé ọmọ tuntun kì í ní ìkarahun rárá. Bí ó bá dàgbà díẹ̀ ni yóò ṣe tirẹ̀.

Ọkùnrin kan ní Faransé gbìyànjú láti gba ìyìn iṣẹ́ yìí mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, àfi ìgbà tí ìyáàfin náà dìde láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Gioenia ní Catania gbà á sí àárín wọn, òun obìnrin láàrín ọkùnrin. Ní ọdún 1839 ó tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní ọdún kan náà Richard Owen gbé ọ̀ràn náà ka iwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀, a ṣì ń rí ìwé tí ń fi gbogbo ìyìn fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1850 síwájú, tí wọ́n fi ewéko inú omi kún àpótí ẹja kí omi rẹ̀ má bàa tètè bàjẹ́. Iṣẹ́ gidi ni tiwọn náà, a kò bù ú kù, ṣùgbọ́n Messina ti ṣíwájú wọn.

Ó tún dá a lábàá pé kí a máa fi àgò sin ọmọ ẹja, kí a sì kó wọn dà sínú odò tí ẹja rẹ̀ ti tán. Ohun tí àwọn tí ń sin ẹja fún jíjẹ ń ṣe káàkiri ayé lónìí kò jìnnà sí èyí.

Tọkọtaya náà kúrò ní Sicily ní ọdún 1843. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àti àwòrán rẹ̀ ni ó bá ọkọ̀ kan rì sínú òkun, kò sì ṣe ìwádìí mọ́ lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ ń kọ̀wé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti Paris, ó sá padà sí Juillac, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù kìíní ọdún 1871. Ní ọdún 1997 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kòtò ńlá kan lórí Àgùàlà, ìràwọ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní ajá oṣù.