Ìtàn Ìgbésí-Ayé Àlùfáà Stephen Hales, Ẹni tí ó Kọ́kọ́ Wọn Agbára Ẹ̀jẹ̀

Nígbàtí nọ́ọ̀sì bá fi aṣọ di apá wa láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wa ńru, díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé àlùfáà kan nínú Ìjọ Áńgílíkà ni ó kọ́kọ́ wọn agbára ẹ̀jẹ̀. Stephen Hales ni orúkọ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ ní ṣókí.

A bí i ní Bekesbourne, ní ìgbèríko Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 17 oṣù September, ọdún 1677. Ní 1696 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cambridge, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Stukeley ti ńṣa ewéko jọ tí wọ́n sì ńla ẹranko wò. Ní 1709 a fi í jẹ àlùfáà Teddington, abúlé kan lẹ́bàá odò Thames, kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú. Ó gbéyàwó ní 1720. Obìnrin náà kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e láìbímọ, Hales kò sì fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ní oṣù December kan, ó mú abo ẹṣin kan tí ó ti darúgbó, tí egbò sì ti sọ di aláìwúlò, ó so ó mọ́lẹ̀, ó la iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ní itan rẹ̀, ó ki ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó sì gbé ọ̀pá gíláàsì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 lé e. Ẹ̀jẹ̀ náà gòkè títí ó fi ga ju ọkàn lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íńṣì 3, ó sì ńgòkè, ó ńsọ̀kalẹ̀ bí ọkàn ti ńlù. Kò sí ẹni tí ó tí ì rí irú rẹ̀ rí. Ó tún ńda ìda yíyọ́ sínú ọkàn ẹranko tí ó ti kú, kí ó lè mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ó ńtú jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1733. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn: Alexander Pope, akéwì tí ńgbé nítòsí rẹ̀, kórìíra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbà pé ènìyàn rere ni Hales. Àwa pàápàá kò lè ka ìyà ẹṣin náà láìmí ìmí-ẹ̀dùn.

Ó ti kọ ìwé mìíràn ní 1727, nípa bí omi ti ńgun ara igi àti bí ó ti ńti ojú ewé jáde.

Lẹ́hìn náà ó ṣe ewìrì ńlá, irú ti alágbẹ̀dẹ, láti fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀ ojú omi, ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní ẹ̀wọ̀n Newgate, níbi tí ibà ti ńpa ẹlẹ́wọ̀n púpọ̀, a gbé e kalẹ̀ ní 1752. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pa èyí mọ́: a lò ó nínú ọkọ̀ ẹrú pẹ̀lú. Ní 1751 ọ̀gá ọkọ̀ kan, Henry Ellis, kọ̀wé sí i láti etí òkun Áfríkà, ó ńyìn ín fún ìlera àwọn ẹrú rẹ̀. Atẹ́gùn wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Hales yìí kan náà sì wà lára àwọn tí Àlùfáà Thomas Bray yàn láti máa ṣètò ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà! Bí ọkàn kan ti ṣe gba méjèèjì, ó ṣòro fún wa láti mọ̀.

Ní Teddington kò gba ìwà ìbàjẹ́ láyè; ẹlẹ́ṣẹ̀ a máa ronúpìwàdà níwájú gbogbo ìjọ. Ní 1734 ó kọ ìwé kékeré láìfi orúkọ sí i, láti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀mùtí. Ó tún fa omi mímu wá fún abúlé náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ bí omi náà ti ńyára tó, nípa kíka mímì òjé tí a so rọ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni! Nígbàtí a fi ipò gíga lọ̀ ọ́ ní Windsor, ó kọ̀ ọ́.

Ní 1896 Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, ṣe aṣọ tí a ńdì mọ́ apá, tí a kò fi nílò ọ̀bẹ mọ́. Ní 1898 Robert Tigerstedt àti Per Bergman rí oje kan nínú kíndìnrín ehoro tí ńmú kí agbára ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ní 1905 Nikolai Korotkov, ará Rọ́ṣíà, kọ́ni bí a ti ńfi etí gbọ́ ìró iṣan ẹ̀jẹ̀ náà.

Hales kú ní ọjọ́ 4 oṣù January, 1761, ní ẹni ọdún 83. Ọmọ-ọba obìnrin Augusta gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní Westminster Abbey, ṣùgbọ́n abẹ́ ilé-ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Teddington, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tún kọ́, ni a sin ín sí.