Dókítà Baikie, Oníṣègùn Ìsàlẹ̀ Òkè Pátì

Tí a bá dárúkọ Òkè Pátì, Lugard àti Flora Shaw ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùgbé máa ń rántí. Ẹni tó ti wà nísàlẹ̀ òkè náà ní nǹkan bí 40 ọdún ṣáájú wọn, dókítà ni. William Balfour Baikie ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù Orkney ní Scotland ni wọ́n ti bí i ní 1825. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì di dókítà ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì.

Ibojì òyìnbó ni wọ́n ka Odò Ọya sí nígbà náà. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta wá dá oko sílẹ̀ níbi tí Ọya àti Bénúé ti pàdé. Láàárín oṣù díẹ̀, ibà ti pa òyìnbó tó lé ní 40. Ojú Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ló ṣe.

Crowther tún wà nínú ọkọ̀ Pleiad ní 1854. Ẹni tó yẹ kó ṣe olórí ìrìn àjò náà kú kí wọ́n tó wọ odò, ni iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ Baikie. Kò dúró de ibà. Kùníìnì, oògùn kíkorò tí wọ́n ń fi èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe, ló ń fún wọn lò lójoojúmọ́, bí ara wọn tilẹ̀ le. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rò ó, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń tọ́mọ bó ṣe rọrùn tó láti fún ẹni tí kò ṣàìsàn ní oògùn kíkorò! Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò lórí odò, ẹnikẹ́ni ò kú.

Baikie ò mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. 1880 ni Laveran, ará Faransé, tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ogun náà ti ń le jù. Kòkòrò tó burú jù lára wọn máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan. Àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ á dí, gìrì á sì ki ọmọ mọ́lẹ̀. Kùníìnì ń pa kòkòrò náà.

Èèpo igi yìí kan náà tún kan ọkàn. Ní 1914, Wenckebach, dókítà ọkàn ní Vienna, kọ̀wé nípa aláìsàn kan tó ń fi kùníìnì dá ọkàn rẹ̀ tó ń lù ségesège padà sípò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi quinidine, ìbátan kùníìnì, tọ́jú irú ọkàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ó lè da ìlù ọkàn rú.

Ká padà sọ́dọ̀ Baikie. Ní 1857, ọkọ̀ rẹ̀ kejì, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Glover, tí àwọn ará Èkó wá ń pè ní Ọba Gòlóbà, wà lára àwọn tó bá a rìn. Ní nǹkan bí 1860, Baikie tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà, ó bá Masaba, ọba Nupe, ṣàdéhùn, ó dá ọjà sílẹ̀, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ èdè àwọn èèyàn sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní òun ò tíì ṣe tán. Nígbà tó wá gbéra ní 1864, kò dé ilé. Sierra Leone ló kú sí ní oṣù Kejìlá, ẹni ọdún 39.