Vivekananda: Ẹni tó gbé yóògà dé Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá dárúkọ yóògà, nína ara àti kíká ẹsẹ̀ kò ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkùnrin tó gbé e dé Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí.

Ìlú Kalikúta, ní Íńdíà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1863. Narendranath Datta ni wọ́n sọ ọ́, lọ́yà sì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú lọ́dún 1884, gbèsè ló fi sílẹ̀, ebi sì wọlé tọ̀ wọ́n. Narendranath tó kàwé gboyè wáṣẹ́ títí, kò rí. Ló bá tọ ọ̀gá rẹ̀, Ramakrishna, lọ pé kó bá òun tọrọ owó lọ́wọ́ òrìṣà Kali. Ọ̀gá ní kó lọ tọrọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ ojúbọ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí kò sì lè dárúkọ owó. Ọgbọ́n àti ìfọkànsìn ló ń tọrọ ṣáá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń febi sùn nílé!

Lọ́dún 1893, ó sọ̀rọ̀ níbi àpérò àwọn ẹ̀sìn àgbáyé ní Chicago, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ìwé rẹ̀, Raja Yoga, jáde lọ́dún 1896. Ìkóra-ẹni-níjàánu àti kíkó ọkàn jọ sójú kan ló tẹnu mọ́ níbẹ̀, títí èèyàn yóò fi mọ ẹni tí òun jẹ́ gan-an. Ní ti ìjókòó, kí ẹ̀yìn ṣáà nà, kí ara má dí ọkàn lọ́wọ́.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà bá a fínra. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje, ọdún 1902, ó ṣe àṣàrò fún wákàtí púpọ̀ láàárọ̀ ní Belur. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú, lẹ́ni ọdún 39.