Seymour Cray: Ẹni tí ó bá Gígùn Wáyà Jà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ránṣọ ní ìlú Bìní mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí òwú wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ sì ni kí ọmọṣẹ́ máa ti Ugbowo lọ rà á wá ní Ọjà Ọba. Bí ó ti wù kí ọwọ́ télọ̀ yá tó, bí ọmọṣẹ́ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ring Road, ńṣe ni ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Ìnira yìí gan-an ni Seymour Cray fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe télọ̀. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òwú rẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà tí ó wà ní ibi ìrántí ẹ̀rọ. Télọ̀ rẹ̀ sì ni ọpọlọ ẹ̀rọ tí ń ṣe ìṣirò.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Chippewa Falls, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹnjiníà ni baba rẹ̀, láti kékeré sì ni ọmọ náà ti ń fi wáyà àti iná mànàmáná ṣeré nínú ilé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ rédíò fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Philippines, níbi tí ó ti wà lára àwọn tí ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ará Japan. Nígbà tí ogun parí, ó gba oyè ẹnjiníà iná mànàmáná ní Yunifásítì Minnesota ní 1949, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1951.

Ilé-iṣẹ́ Control Data ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ní 1964, òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé CDC 6600 jáde, kọ̀ǹpútà tí ó yára jù lọ ní àgbáyé nígbà náà. Ọpọlọ ńlá kan ṣoṣo ni ó wà láàárín rẹ̀, ó sì ní ọpọlọ kéékèèké mẹ́wàá tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Bí ọba kì í ti í fúnra rẹ̀ ru ẹrù wọ ààfin, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ńlá yìí kì í lọ gba iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣirò nìkan ni ó jókòó tì. Olórí ilé-iṣẹ́ IBM bínú débi pé ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ mọ bí ènìyàn 34, tí agbálẹ̀ wà lára wọn, ṣe lè borí ilé-iṣẹ́ ńlá bíi tirẹ̀.

Ní 1972 ni Cray kúrò níbẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Cray Research sílẹ̀. Ní 1976, Cray-1 àkọ́kọ́ dé ilé ìwádìí Los Alamos. Ẹ̀rọ náà wọ̀n ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ, iye owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ìrísí rẹ̀: ó tẹ̀ kọrọdọ bí lẹ́tà C, wọ́n sì fi tìmùtìmù sí ìdí rẹ̀ yípo bí àga ìjókòó. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ìrísí náà ṣe. Láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè rìn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, èyí tí kò ju gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Nínú wáyà, ìrìn náà tún kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni Cray fi fi dandan lé e pé kí wáyà kankan má ṣe gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Nítorí pé ẹ̀rọ náà tẹ̀ yípo, àárín rẹ̀ ni gbogbo wáyà ti pàdé. Àwọn obìnrin Chippewa Falls ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so wáyà wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ kan kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ayé. Ní 1982, Steve Chen, ẹnjiníà mìíràn ní ilé-iṣẹ́ náà, gbé X-MP jáde, tí ọpọlọ méjì ti ń pín ibi ìrántí kan ṣoṣo lò. Cray-2 tí Cray fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 1985 ní mẹ́rin. Ibi tí ó fẹ́ dúró sí nìyẹn: ọpọlọ díẹ̀ tí ó lágbára gidigidi. Àwọn mìíràn ń sọ pé kí ọpọlọ kéékèèké pọ̀ bí eèrùn. Philip Emeagwali, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ní 1954, wà lára àwọn tí ó rìn ní ọ̀nà kejì yìí. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò nípa epo rọ̀bì inú ilẹ̀, èyí tí ó ṣe lórí ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ kéékèèké 65,536.

Ní ọdún 1989 kan náà, Cray tún lọ dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Colorado Springs láti ṣe Cray-3. Owó tán, ẹ̀rọ náà kò rí olùrà, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè, ó kógbá sílé ní 1995. Ẹni 69 ọdún ni. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé. Ní 1996, Cray bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbà wàyí pé kí ọpọlọ pọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ohun tí ó gbájú mọ́ ni bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti bí ìrántí yóò ṣe máa tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i lójú títì, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ó pé ẹni 71 ọdún.

Nínú oṣù kan náà tí ó kú, ilé-iṣẹ́ Silicon Graphics, tí ó ti ra Cray Research, gbé Origin 2000 jáde. Nínú ẹ̀rọ yìí, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní ìrántí tí ó sún mọ́ ọn, ó sì tún lè lo èyí tí ó jìnnà, àfi pé yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. CrayLink ni wọ́n pe okùn tí ó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí ó jẹ́ àrà ní 1996 ti di ohun tí ilé-iṣẹ́ àti ilé-ìwé gíga ń lò báyìí. Kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ní ihò ọpọlọ méjì, bí ilé méjì tí ó ní àká méjì ni. Bí wọ́n bá ti tan án, ẹ̀rọ a kọ tábìlì kan tí ó ń sọ ọpọlọ tí ó ni ìrántí kọ̀ọ̀kan àti bí ọ̀nà ti jìn tó: 10 ni fún àká tẹni, tí aládùúgbò sì sábà máa ń jẹ́ 20 tàbí 21. Lórí Linux, àṣẹ numactl --hardware ni yóò fi tábìlì náà hàn. Ẹni tí kò bá wò ó lè máa fi ẹ̀sùn ìfàsẹ́yìn kan iná mànàmáná lásán. Bí ó bá rí i pé ìrántí apá kejì jẹ́ 0, tí ọpọlọ méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́, kí ó ṣí ẹ̀rọ: bóyá ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ kan ṣoṣo ni wọ́n ki gbogbo páálí ìrántí sí. Bí wọ́n bá pín in sí méjì lọ́gbọọgba, télọ̀ kejì náà yóò rí òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.