Frederick Forbes, ẹni tí ó ya àwòrán obìnrin ajagun Dàhòmì

Bí a bá ń wá àwòrán àwọn obìnrin tí ó jagun fún àwọn ọba Dàhòmì láyé àtijọ́, ọ̀kan wà tí a kò ní ṣàì rí. Obìnrin kan ni ó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀: ìbọn gígùn wà ní ọwọ́ kan, orí ènìyàn tí a ti gé wà ní ọwọ́ kejì. Láti ọdún 1851 ni àwòrán náà ti wà nínú ìwé, a kò sì lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti tún un yà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀nba ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó yà á. Frederick Edwyn Forbes ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá nínú àwọn ológun ojú omi.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa ará Kétu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ọmọ ogun Dàhòmì, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó kó ìlú wa ní ọdún 1886. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá béèrè bí àwọn ajagun náà ti rí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ohun tí wọ́n fi jà, iṣẹ́ ọwọ́ Forbes ni a sábà máa ń fi hàn wọ́n. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ojú ara rẹ̀ rí, kí a sì mọ ohun tí kò rí.

Ọdún 1819 ni wọ́n bí i. Ó lo ọdún márùn-ún ní Ṣáínà, láti 1842 dé 1847, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Bonetta, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ etíkun Áfíríkà láti mú àwọn tí ń kó ẹrú sọdá òkun. Ènìyàn tí ojú rẹ̀ kì í sinmi ni. Ní ọdún 1849, ní ilẹ̀ tí ó di Làìbéríà, ó rí i pé àwọn ará Vai ní ìwé kíkọ tiwọn, èyí tí kì í ṣe ti Lárúbáwá tí kì í sì í ṣe ti Òyìnbó. Ó da àwọn àmì náà kọ, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìròyìn rẹ̀ ni ó mú kí Sigismund Koelle kúrò ní Freetown lọ bá Momolu Duwalu Bukele, ẹni tí ó ṣe àwọn àmì náà. Fún èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé èdè wọn, ibí yìí nìkan ti tó láti fi bọ̀wọ̀ fún un.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ó kọ́kọ́ gòkè lọ sí Àgbómẹ̀. John Duncan ni wọ́n jọ lọ, sójà àtijọ́ kan tí ó ti rí àwọn obìnrin ajagun náà ní 1845, ṣùgbọ́n Duncan kú kí ọdún tó parí. Ní 1850, Forbes tún padà pẹ̀lú John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí Ọba Gẹ̀zọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ta ẹrú mọ́. Ọba kò gbà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń dúró, ọdún àwọn ọba tí ó ti wàjà ń lọ lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ogun sì ń tò kọjá níwájú ọba. Forbes jókòó, ó ń kọ, ó ń yà.

Ohun tí ó rí nígbà náà, ó rí i dáadáa. Ẹ̀wù aláìlápá ni àwọn obìnrin náà wọ̀, kí apá lè ráyè. Ṣòkòtò péńpé wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dé fìlà tí wọ́n kọ́ àmì sí lára, àmì yìí ni a sì fi ń mọ ẹgbẹ́ ogun kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìgbànú tí wọ́n kó ẹ̀tù àti ọta sí ni ó di aṣọ mọ́ wọn lára. Ìbọn ṣakabùlà ni ohun ìjà wọn gan-an, irú èyí tí ọkọ̀ Òyìnbó ń kó wá. Idà kékeré àti kùmọ̀ wà fún ìgbà tí ogun bá súnmọ́ra. Kì í ṣe awọ ẹkùn. Ẹni tí kò bá rí i kò lè ronú kàn án, nítorí Òyìnbó tó jókòó sílé yóò ti fi ìhòòhò àti ìyẹ́ ẹyẹ sí i. Èyí ni iyì iṣẹ́ Forbes: ó fi hàn pé ogun tó ní ètò ni, tí aṣọ rẹ̀ bára mu. Ó fojú díwọ̀n àwọn obìnrin náà sí 5,000.

Ṣùgbọ́n ọdún ni ó rí, kò rí ogun. Kò bá wọn lọ sójú ogun lẹ́ẹ̀kan rí. Agbárí wà nínú ohun tí ó rí ní Àgbómẹ̀, lára ògiri àti lára ìlù. Obìnrin tí ń gbé orí tútù bọ̀ láti ojú ìjà kò sí nínú ohun tí ó lè bá pàdé. Èrò tèmi ni pé àwọn tí yóò ka ìwé rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó ni orí náà wà fún. Forbes ń fẹ́ kí ìjọba rẹ̀ fi agbára dá òwò ẹrú dúró, orí kan nínú àwòrán sì lè ṣe ohun tí ojú ìwé 20 kò lè ṣe. Èrò rẹ̀ dára. Síbẹ̀, ìbọn àti ìgbànú jẹ́ ẹ̀rí ojú, orí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ni ó sì kó gbogbo wọn pọ̀.

Forbes kọ orúkọ obìnrin náà sábẹ́ àwòrán, Seh-Dong-Hong-Beh, ó sì pè é ní ọmọ ogun Dàhòmì, kò pè é ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóde òní a ń kà á káàkiri pé òun ni ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ bá Abẹ́òkúta jà ní oṣù kẹta ọdún 1851. Forbes ti kúrò ní Àgbómẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí i.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé àwọn ọmọdé ni ti ọjọ́. Wọ́n á mú obìnrin 1850 ti Forbes, wọ́n á fi í dojú kọ sójà Faransé ní 1892. Láàárín ìgbà méjèèjì, Bẹ̀háńzìn ti ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, Winchester àti Mauser wà lára wọn. Àwọn mìíràn wo fọ́tò àwọn obìnrin tí wọ́n kó lọ ṣe ìran ní Paris ní 1891. Aṣọ eré ni wọ́n wọ̀ fún wọn, kì í ṣe aṣọ ogun. Láti 2022 ni ère obìnrin ajagun tí ó ga tó mítà 30 ti dúró ní Kútọnù, òun náà sì ti di ohun tí ayàwòrán ń wò.

Àwọn Òyìnbó pàápàá jìyà irú èyí lórí ọmọ ogun Róòmù. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ère tí ó wà lára òpó Trajan ní Róòmù ni wọ́n fi ń ya ẹ̀wù irin àwọn sójà náà. Ní 1964 ni wọ́n hú àpótí kan ní Corbridge, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀wù náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wá mọ bí wọ́n ti so irin náà pọ̀. Tiwa kò tilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán amọ̀ ṣì wà lára ògiri ààfin Àgbómẹ̀, ohun ìjà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀. A lè fi wọ́n dán Forbes wò.

Àwòrán mìíràn tí ó yà ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ó fẹ́ kúrò ní 1850, Gẹ̀zọ̀ fún un ní ẹ̀bùn, ọmọbìnrin kékeré kan sì wà nínú ẹ̀bùn náà. Àìná ni, ọmọ Yorùbá, tí ogun Dàhòmì kó ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Forbes mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria, ó sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí orí. Ọmọdé kan ni, tí ó ti rí ohun tí Forbes kò rí. Àìná fẹ́ James Davies ní 1862, ó gbé ní Èkó, ó sì kú ní Madeira ní 1880.

Forbes fúnra rẹ̀ kú ní 1851, ọdún tí ìwé rẹ̀ jáde. Kò ju ẹni ọdún 32 lọ. Nígbà tí Glẹ̀lẹ̀, ọmọ Gẹ̀zọ̀, fi kó Kétu, ó ti kú fún ọdún 35. Wọ́n sun ilé, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun, ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú dó. Ọmọ àwọn tó padà wá ni púpọ̀ nínú wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ogun 1886 ní láti bẹ̀rẹ̀ láti Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè tí ó ṣì dúró, kí ó wọn bí ó ti ga tó, kí ó wo yàrà tí ó yí odi ká, kí ó tó wá mú àwọn ajagun jáde látinú ìwé Forbes, kí ó sì fi orí gígé yẹn sílẹ̀ síbẹ̀.