Eugène Houdry

Eugène Jules Houdry (18 oṣù Kẹrin ọdún 1892 – 18 oṣù Keje ọdún 1962) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ bíbí ilẹ̀ Faransé tí ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó sọ fífi kátálísítì fọ́ epo wúwo di epo bẹntiróòlù di iṣẹ́ ńlá tí ó ń mú èrè wá. Kátálísítì ni èròjà tí ó ń mú kí àyípadà kẹ́míkà yá kánkán, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nínú iṣẹ́ náà. Ní ìgbà àgbà rẹ̀, Houdry ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ mú kí bẹntiróòlù pọ̀ lọ́jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ìgbìyànjú láti dín ewu èéfín bẹntiróòlù yẹn kù. Ó rí èrè ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó kú kí ayé tó gba èkejì.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Houdry ní Domont, nítòsí Paris. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní École des Arts et Métiers ní Paris. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1911, òun ni ó ṣe ipò kìíní láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjọba Faransé sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Òun náà ni balógun ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn èyí, ó wọ inú òwò bàbá rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ ológun nínú ẹ̀ka ọkọ̀ ogun onírin, tí ó jẹ́ ohun tuntun nígbà náà. Ó fara gbọgbẹ́ gidigidi ní ojú ìjà Juvincourt ní ọdún 1917. Wọ́n fún un ní Croix de Guerre nítorí ìgboyà rẹ̀.

Ìwádìí lórí epo

Houdry fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1922 ó lọ wo ìdíje Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ó sì yà sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Detroit. Ọkàn rẹ̀ wá fà sí epo tí ó dára ju èyí tí àwọn awakọ̀ ń lò lọ. Ilẹ̀ Faransé kò ní epo rọ̀bì tó, ṣùgbọ́n ó ní lignite, ìyẹn irú èédú kan tí a ń wà nínú ilẹ̀. Houdry dá iyàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Beauchamp láti sọ lignite di epo. Ilé iṣẹ́ tí ó kọ́ parí ní ọdún 1929, ó sì lè lo lignite tọ́ọ̀nù 60 lóòjọ́. Ìjọba Faransé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìnáwó rẹ̀ ti pọ̀ jù, iṣẹ́ náà sì dúró.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó yí sí epo wúwo tí ó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá fọ epo rọ̀bì. Lẹ́yìn tí ó ti dán ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà wò, ó rí i pé amọ̀ tí ó ní silica àti alumina nínú ló ń fọ́ epo wúwo sí bẹntiróòlù dáadáa. Ìṣòro kan ṣẹ́ kù: èédú a máa lẹ̀ mọ́ amọ̀ náà láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ a sì lọ. Houdry ò sọ amọ̀ náà nù. Ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí èédú ara rẹ̀ fi jóná tán, amọ̀ náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó to àwọn àgbá ńlá sí ẹgbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan lè máa fọ́ epo nígbà tí èkejì bá ń jó èédú rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1930, ilé iṣẹ́ Vacuum Oil pè é wá sí Paulsboro ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ilé iṣẹ́ náà darapọ̀ mọ́ òmíràn ní ọdún 1931, ó sì di Socony-Vacuum, tí a wá mọ̀ sí Mobil lẹ́yìn náà. Sun Oil dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1933. Ní ọdún 1936, ẹ̀rọ tí ó lè lo àgbá epo 2,000 lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Paulsboro. Ní ọdún 1937, Sun Oil ṣí èyí tí ó ń lo àgbá 12,000 ní Marcus Hook, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bí ìdajì ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ bẹntiróòlù tí ó dára, nígbà tí ọ̀nà àtijọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀lé ooru nìkan kì í mú ju bí ìdá mẹ́rin ohun gbogbo lọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, epo tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ Houdry wúlò fún ọkọ̀ òfuurufú ogun àwọn orílẹ̀-èdè tí ń bá Jámánì jà. Ó tún wá ọ̀nà láti fi gáàsì butane ṣe èròjà rọ́bà àtọwọ́dá. Houdry tako ìjọba Vichy tí ó gbà fún Jámánì, ó sì di aṣáájú ẹgbẹ́ France Forever ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ti Charles de Gaulle lẹ́yìn. Nítorí èyí, ìjọba Vichy gba ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1941. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1942.

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú èéfín ọkọ̀

Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ pọ̀ sí i ní àwọn ìlú ńlá, èéfín sì ń bo Los Angeles mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í jó epo tán. Gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn ṣùgbọ́n tí ó lè pa ènìyàn, a máa bá èéfín jáde. Èérún epo tí kò jóná àti àwọn gáàsì nitrogen oxide náà a máa jáde. Nígbà tí oòrùn bá tàn sí àwọn méjì yìí, wọ́n a di ozone àti àwọn èròjà oníjà mìíràn tí ń ta ojú tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ewu yìí ká Houdry lára. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ó dá ilé iṣẹ́ Oxy-Catalyst sílẹ̀. Ìmọ̀ tí ó fi jó èédú ara amọ̀ ni ó tún lò: ó gbé kátálísítì sójú ọ̀nà èéfín, kí carbon monoxide àti èérún epo lè parí jíjóná níbẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí afẹ́fẹ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1956.

Òjé ni ó dá iṣẹ́ náà dúró. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn ilé iṣẹ́ epo ti ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kan gbà-gbà. Òjé náà a bo kátálísítì, a sì sọ ọ́ di aláìlágbára. Níwọ̀n ìgbà tí òjé bá wà nínú epo, ẹ̀rọ Houdry kò lè pẹ́ lára ọkọ̀ ìgboro. Ibi tí wọ́n ti ń lo epo tí kò ní òjé, bí àwọn ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, ni ó ti rí àyè ṣiṣẹ́.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Houdry kú ní Upper Darby, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní ọdún tí ó kú gan-an ni Mobil bẹ̀rẹ̀ sí í fi zeolite rọ́pò èròjà àtijọ́ nínú iṣẹ́ fífọ́ epo. Zeolite náà ní silica àti alumina nínú bí amọ̀ Houdry, ṣùgbọ́n àwọn ihò inú rẹ̀ kéré, wọ́n sì dọ́gba bí ojú asẹ́, èyí tí ó mú kí bẹntiróòlù tí ń jáde pọ̀ sí i. Lónìí, zeolite tí a fi bàbà tàbí irin sí ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onídísù láti pa nitrogen oxide run.

Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1970 ni ó ṣí ọ̀nà fún ẹ̀rọ èéfín náà. Láti ọdún 1975, ọ̀pọ̀ jùlọ ọkọ̀ tuntun níbẹ̀ ní in, epo tí kò ní òjé sì di dandan fún wọn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìpàdé Dakar ti ọdún 2001 pinnu láti mú òjé kúrò, ìyẹn sì ṣẹ ní gúúsù Sàhárà nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé. Algeria ni ó ṣe é kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní ọdún 2021.

Iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú Èkó

Iṣẹ́ Houdry méjèèjì kan Èkó. Nínú ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, ẹ̀rọ ńlá kan wà tí ń fi kátálísítì fọ́ epo wúwo. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò bí Ayọ̀bọ̀, ní agbègbè Alimosho, èéfín danfo, ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ṣì jẹ́ ara ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń mí símú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í ní ẹ̀rọ náà. Wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀ nítorí àwọn irin olówó iyebíye bí platinum tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mímú òjé kúrò nínú epo nìkan kò fi tó.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ

Houdry gba àmì-ẹ̀yẹ Potts ní ọdún 1948 àti àmì-ẹ̀yẹ Perkin ní ọdún 1959. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí National Inventors Hall of Fame ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1990. Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Amẹ́ríkà sọ ọ̀nà ìfọ́po rẹ̀ ní Marcus Hook di ohun ìrántí nínú ìtàn ìmọ̀ kẹ́míkà.